Owó Bàbà Nínú Ife

Àlejò láti Lọ́ńdọ̀nù ti imú bọ ife,
ó yọ ọ́ jáde bí ẹni tí agbọ́n ta.
"Rọ́bà," ló wí. "Rọ́bà tó jóná.
Ọtí pupa ilẹ̀ yín, bó ṣe ń rùn nìyí."
Ó tutọ́ sí garawa, ó kọ nǹkan sínú ìwé.

Ojú Lourens ọ̀gá wa pọ́n ju ọtí tó gbé dání.
Ó ní ilẹ̀ ni. Ó ní oòrùn ni.
Ó ní àrùn kan wà tí í ká ewé àjàrà kò bí etí ajá,
tí kì í jẹ́ kí èso pọ́n dénú.
Ó ní bóyá ebi ló pa ìwúkàrà nínú àgbá.
Ó ń ka ìdí lọ, àlejò ń wo aago.

Èmi Sarlina, ọmọ Apools,
mo ti fọ àgbá níbí fún ọdún mọ́kàndínlógún.
Ẹnikẹ́ni ò bi mí.

Mo mọ òórùn rọ́bà.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí,
ní oríta tó wọ Malmesbury,
àwọn ọ̀dọ́ to táyà jọ, wọ́n sọ iná sí i.
Dawid ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín wọn.
Ó wọlé lóru. Ìyá mi fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta,
ó fi ewé lẹ́múùnù ra á lọ́rùn.
Ọlọ́pàá dé, kò bèèrè ohunkóhun.
Ó kàn tẹ̀ síwájú, ó fa imú.
Imú ló mú ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ojú.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ti ní "rọ́bà,"
ilẹ̀kùn ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Àbí àwọn àjàrà etí ọ̀nà náà gbọ́ òórùn yẹn lọ́jọ́ náà,
tí wọ́n gbé e mì, tí wọ́n ń pọ̀ ọ́ fún wa díẹ̀díẹ̀?
Rárá o. Àjàrà ò ní imú.
Imí-ọjọ́ ni. Januarie arúgbó tó kọ́ mi níṣẹ́ ti sọ ọ́:
"Bàbà ni í pa imí-ọjọ́."

Bàbá mi, ọtí ni wọ́n fi ń sanwó fún un:
agolo kan kí ilẹ̀ tó mọ́,
agolo kan nígbà tí oòrùn bá kàn án lórí,
ìyókù nírọ̀lẹ́, títí kò fi mọ ọ̀nà ilé mọ́.
Nígbà tó kú, sẹ́ǹtì kan la bá lápò rẹ̀,
ológoṣẹ́ méjì lára rẹ̀, lórí ẹ̀ka kan.
Ohun kan ṣoṣo tí kò rí mu nìyẹn.
Bàbà bàbá mi.

Mo jù ú sínú ife àlejò.
Ó dún gbin.
Lourens la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde.
Mo yí ife náà, mo yí i, mo gbé e fún un.
Ó gbóòórùn. Ó tún gbóòórùn.
Ó ní èso dúdú kan ni, òun ò mọ orúkọ rẹ̀.
Ó mu ún tán.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ìgò la ti dé lórí,
sẹ́ǹtì kan péré ni bàbá mi sì fi sílẹ̀.

Mo yọ ọ́. Ojú kan ti ń dán,
ológoṣẹ́ kan mọ́ ju èkejì lọ.
Lálẹ́ mo pe Dawid ní Wellington,
níbi tó ti ń lẹ táyà fún àwọn onímọ́tò.
Mo ní, "Wọ́n ní ọtí wa ń rùn bí ìwọ."
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
Ó ní, "Èló ni wọ́n ń tà á?"
Mo sọ iye rẹ̀.
Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́;
mo ń gbọ́ ìró òòlù lẹ́yìn rẹ̀, lára irin.
"Mú ìgò kan wá fún mi," ló wí.
"Má fi owó sí i."