Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn ní Kemi

Ìwé pélébé kan ni, lára pátákó kẹ́mísì,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó ológbò tó sọnù àti bàtà yìnyín àlòkù.
Wọ́n gé etí rẹ̀ bí eyín ìyarun, kí ẹni tó bá fẹ́ lè já ọ̀kan lọ.
Eyín mẹ́jọ, nọ́ńbà fóònù kan náà. Mẹ́ta ti ká.
Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì,
mo ra oògùn ẹ̀fọ́rí tí n kò nílò,
mo já ọ̀kan bí ẹni já ewé lóko olóko.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló lò nínú àpò kóòtù mi,
òun àti ìdérí ìgò kan, wọ́n ń fara kanra.

Èmi Raimo, awakọ̀ katakata tó ń kó yìnyín ìgboro,
èmi tí mò ń lanà fún gbogbo ayé láago mẹ́rin ìdájí,
pẹ̀lú èémí tí mo fi míńtì bò,
n kò rí ọ̀nà dé ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé,
ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́fà sílé mi.

Níbí, oòrùn oṣù Kejìlá kì í ràn, ó kàn ń yọjú ni,
bí àlejò tó kan ilẹ̀kùn tí kò dúró kí a ṣí i.
Mo fi òkùnkùn ṣe àwáwí.
Mo ní òtútù ni. Mo ní òkun ti dì.
Mo ní bàbá mi mu ún, ó sì pé àádọ́rin ọdún.
(N kò sọ bí àádọ́rin náà ṣe parí.)
Sanelma ọmọ mi pè láti Oulu, mo sáré fi ọwọ́ bo fóònù
kí ó má baà gbọ́ ìró ìgò lẹ́nu ife.
Ó ní, “Bàbá, ó ti dún kí ẹ tó bò ó.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń pàdé.
Ti àkọ́kọ́, mo dé orígun òpópónà, mo padà.
Ti ìkejì, mo dúró sábẹ́ iná títì, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń dé.
Ọ̀kan gbé ṣọ́bìrì.
Mo ní kí ni ṣọ́bìrì ń wá níbi ọ̀rọ̀ ẹnu?
Ti ìkẹta, mo mu ife méjì kí ẹsẹ̀ lè gbé mi.
Ẹsẹ̀ gbé mi lóòótọ́. Ó gbé mi gba ibòmíràn lọ.

Ti ìkẹrin, ọwọ́ ń gbọ̀n bí ẹ́ńjìnnì tí kò tíì gbóná,
mo tẹ nọ́ńbà tó ti fẹ́ pa rẹ́.
Ohùn obìnrin: “Gba ẹ̀yìn wá. Tì í gan-an o, yìnyín ló ń dí i.”

Àga mọ́kànlá. Kọfí tó korò ju ẹ̀rí ọkàn lọ.
Kò sẹ́ni tó bi mí pé ìgò mélòó.
Wọ́n ní kí ni mò ń ṣe jẹun.
Mo ní katakata ni mò ń wà, yìnyín ni mò ń kó.
Yàrá pa lọ́lọ́.
Irmeli, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, gbé ife rẹ̀ kalẹ̀:
“Ṣé ìwọ lo ń kó ti òpópónà yìí?”
Èmi ni.
“Ọdún méje! Ọdún méje lo fi ń wọ́ òkè yìnyín ti ilẹ̀kùn wa,
tí à ń fi ṣọ́bìrì wu ara wa jáde bí iṣu!”
Ẹ̀rín bú. Ensio rín títí kọfí fi gba imú rẹ̀ jáde.
Èmi náà rín,
ọwọ́ mi ṣófo, mo sì ń rín.

N kò ní parọ́ ìyókù.
Mo ti ka ọjọ́ láti oókan lẹ́ẹ̀mejì.
Òní pé mọ́kànléláàádọ́ta, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni,
n kò tíì ṣẹ́gun ohunkóhun.
Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ẹ̀yìn ilé ìkàwé láàárọ̀ kùtù,
mo máa ń gbé abẹ katakata sókè,
mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń fi bàtà gbá ìyókù kúrò lẹ́nu ọ̀nà,
torí ọwọ́ tó bá ń gbọ̀n kò lè ti ohun tó wúwo.

Mo yà ní kẹ́mísì lánàá.
Eyín mẹ́rin ni mo fi sílẹ̀ lára ìwé yẹn.
Ó ku mẹ́ta.