Àjà Owó

Ní Hull, níbi tí odò Humber ti ń ru ẹrẹ̀ lọ bá òkun,
ọ́fíìsì mi wà lábẹ́ àtẹ̀gùn gbọ̀ngán eré,
ó kéré débi pé mo ní láti dìde dúró
kí n tó lè fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀.
Lókè orí mi ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n,
gbì, gbì, gbì, títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́.
Mo ti mọ ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.
Èyí tó ń balẹ̀ bí ológbò, Abíọ́nà ni.

Èmi ni mò ń ka owó.
Líìgì ti kan àjà lé gbogbo ẹgbẹ́ lórí:
ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba pọ́n-ùn lọ́dún,
kọ́bọ̀ kan ò gbọdọ̀ lé,
ìbáà jẹ́ pé ọ̀gá wa ní ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta ní èbúté.
Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.
Níbí, ìtẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n,
eku ló wá ń ṣẹ́ ìrù rẹ̀ kó lè wọlé.

Holroyd, balógun wọn, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì,
orúnkún rẹ̀ ń han bí ìlẹ̀kùn ilé àtijọ́,
àdéhùn rẹ̀ sì ku ọdún kan ààbọ̀.
A fọwọ́ sí i nígbà tí orúnkún náà ṣì dákẹ́.
Òun nìkan gba ìdá kan nínú márùn-ún.
Ti Kasper, ọmọ Poland, kò tó nǹkan,
ṣùgbọ́n ilé tó ń gbé wà nínú ìṣirò,
àní tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ìyá rẹ̀ nígbà Kérésìmesì,
líìgì kọ̀wé sí mi: ṣé owó oṣù kọ́ nìyẹn?
Àwọn ọmọdé mẹ́ta tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì,
owó bọ́ọ̀sì àti ìrètí là ń san fún wọn.
Ìrètí kì í wọ ìwé ìṣirò.

Abíọ́nà: ojú títì Gillingham ni wọ́n ti bí i,
nínú ọkọ̀ tó ń sáré lọ sílé ìwòsàn.
Lóṣù Kẹsàn-án ó fọwọ́ sí ìyókù tó wà nínú ìkòkò,
irínwó pọ́n-ùn lọ́sẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wọlé ná."
Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní, ogún ayò ló ń jẹ lálẹ́ kan,
owó rẹ̀ ti há mọ́ ọn bí bàtà ọdún tó kọjá.
Mi ò lè fi kún un. Holroyd jókòó sórí àyè rẹ̀.
Pé ó dára, tí kò sì wọ́n:
ohun tí gbogbo ojú fi wà lára rẹ̀ nìyẹn.

Plymouth ń fẹ́ ẹ. Àwa ń fẹ́ agùntáṣọọ́lò wọn.
Òfin ní owó tó jáde àti èyí tó wọlé
gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba.
Agùntáṣọọ́lò, ẹgbẹ̀rin. Abíọ́nà, irínwó.
A wá gbé Kasper lé e, bí ẹni gbé òkúta lé òṣùwọ̀n.
Kasper ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.
Ọ̀rìnlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ní ogún ìṣẹ́jú sí aago méjìlá òru ni mo fi ìwé náà ránṣẹ́.

Abíọ́nà wá dá kọ́kọ́rọ́ ilé padà láàárọ̀.
Kò jókòó; kò sí ibi tó máa jókòó sí.
Ó wo ìwé ìṣirò níwájú mi, ó rí orúkọ ara rẹ̀
tí mo ti fi rúlà fàlà sí lórí.
"Àlà náà mà tọ́ o," ló wí.
Ó bi mí bóyá òjò máa ń rọ̀ ní Plymouth.

Lálẹ́ àná, ẹsẹ̀ tuntun kan ń balẹ̀ lókè.
Ó wúwo. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n.
Eruku já láti àjà, ó bọ́ sórí ìwé mi.
Mo fẹ́ ẹ dànù,
mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti òkè.