Orúkọ Àwọn Aláriwo

Èmi ni mọ́nítọ̀ kíláàsì kẹta, ní Ìrágbìjí.
Bí tíṣà bá ti yọ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà báyìí,
màá mú ṣọ́ọ̀kì, màá kọ àwọn aláriwo sára pátákó:
Ọládẹ̀hìndé, ìlọ́po mẹ́rin.
Ìbídùn. Músílíù, ìlọ́po méjì.
Bánjókò kò sí níbẹ̀ rí,
oorun kì í jẹ́ kó ráyè sọ̀rọ̀.

Ó lé ní ogójì ọdún. Wínípẹ́ẹ̀gì ni mo wà,
yìnyín tún ti bo àtẹ̀gùn tí mo gbá lánàá,
mo ti iṣẹ́ òru dé láti ilé àwọn arúgbó,
ẹsẹ̀ mi wú nínú bàtà.
Wọ́n ní kí n tún gbé gègé:
"Mọ́nítọ̀, ìwọ ni kó o kó ìròyìn wa jọ.
Oṣù Keje la ó pàdé, lọ́dọ̀ rẹ níbẹ̀.
Kí oníkálukú sọ ohun tí ayé fi òun ṣe,
ìlà mẹ́fà péré."

Ìlà mẹ́fà!
Fadérera fi ojú ìwé mẹ́ta ránṣẹ́ láti Rìjáínà,
oyè lórí oyè, ilé alájà méjì,
ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pátápátá, wẹ́wẹ́:
ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe ìdánwò apòògùn kí n tó yege.
Ìlà yẹn ni mo mú.

Músílíù ń wa tírélà, láti Kálígárì dé etí òkun.
Mo ń gbọ́ táyà lábẹ́ ohùn rẹ̀:
"Kọ ọ́ pé kò sílé epo tí n kò mọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí.
Kọ ọ́ pé ọmọ mi ló kọ́ mi ní odò wíwẹ̀
lẹ́yìn tí mo pé àádọ́ta ọdún.
Dúró, pa ìyẹn rẹ́.
Rárá. Fi í sílẹ̀."

Ìbídùn pè láti Bọ́tímọ̀.
"Ṣé ẹ ó se ẹ̀wà ilé oúnjẹ wa ọjọ́sí,
èyí tó ní òkúta?" Ó rẹ́rìn-ín títí.
Ìgbà tí mo fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ ló tó ní
ọkọ òun lọ lóṣù kẹjọ.
Mo ní, ó lọ síbo?
Ẹ gbọ́ mi, mo bèèrè ibo.
Ó ní, "Má kọ ìyẹn. Ẹ̀wà ni kó o kọ."

Bánjókò ní ọdún karùn-ún rèé
tí oorun ti kọ òun sílẹ̀.
Aago mẹ́ta òru la jọ sọ̀rọ̀,
èmi lẹ́nu iṣẹ́, òun lórí àga ní Édímọ́ńtìnì.
"Gbogbo èyí tí mo sùn nígbà yẹn, Mọ́nítọ̀,
wọ́n ti ń gbà á padà, tòun tèlé."

Ó ku Ọládẹ̀hìndé.
Lẹ́tà kan, èkejì. Ìpè mẹ́fà.
Ẹni tí ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ kíláàsì,
tó jẹ pàṣán mẹ́fà lọ́jọ́ kan nítorí ìkọ̀wé mi,
tó tún yíjú sí mi pé,
"O ṣì í kà. Ìlọ́po márùn-ún ni."
Mo ń wá ariwo rẹ̀ kiri Amẹ́ríkà báyìí,
Dálásì ní kò sí lọ́dọ̀ àwọn mọ́.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, fóònù dún. Nọ́ńbà tí n kò mọ̀.
Kò sọ̀rọ̀. Èmi náà ò sọ̀rọ̀.
Mo ń gbọ́ èémí, àti ẹ̀rọ tó ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
irú èyí tí mo ń tì kiri lẹ́nu iṣẹ́.
Ó pẹ́. Yìnyín já lórí òrùlé, ó bọ́ sílẹ̀, gbì.
Lẹ́yìn náà, ohùn kan, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú:
"Ṣé o ti kọ orúkọ mi?"

Mo ti kọ ọ́. Ìlọ́po márùn-ún.
N kò fi ìròyìn kankan sí i.

Mọ́nítọ̀ kì í kọ orúkọ ara rẹ̀,
ta ni ì bá mú mi?
Ilẹ̀ ń mọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ níbí, láìsí àkùkọ.
Mo kọ ìlà kan nípa ara mi, mo pa á rẹ́.
Mo kọ òmíràn, òun náà, mo pa á rẹ́.
Mo wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ gbogbo wọn:
Títíladé.
Ìlọ́po kan, fún ìbẹ̀rẹ̀.