Ẹja Àárọ̀ Ajé

Ní Valparaíso, níbi tí òkun ti ń fọ ẹsẹ̀ òkè,
Eduvina ló kọ́kọ́ dé ilé ìdáná.
Ó fọwọ́ kan fíríìjì: kò gbọ̀n, kò kùn.
Iná ti lọ lóru.

Ogójì kílò ẹja nínú yìnyín tó ti domi,
ojú wọn ṣì ń dán bí ojú ọmọ tuntun.
"Gbọ́ òórùn rẹ̀," ni ọ̀gá wa Nibaldo wí, "ṣé ó ń rùn?"
Kò rùn.
Àmọ́ àìsàn kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.

Ó ki ọ̀pá ìwọ̀n-ooru bọ ikùn ẹja kan:
mẹ́rìndínlógún.
Kò bá ọ̀gá jiyàn.
Ó da oògùn apakòkòrò lé gbogbo rẹ̀ lórí,
kí aláìní kankan má baà ṣà á jẹ lẹ́yìnkùlé,
ó sì fọwọ́ dé ìgúnpá
bí ẹni tó ń ṣe àlùwàlá.

Lọ́sàn-án, ọbẹ̀ ẹ̀wà la tà.
Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ráhùn, wọ́n sì lá abọ́ mọ́;
èmi tí mò ń fọ̀ ọ́ mọ̀.

Lálẹ́, Nibaldo ń ka owó tó sọnù.
Ta ni yóò bá Eduvina ka
àwọn tí kò ṣàìsàn?