Ìjókòó Apá Òsì

Ní Punta Arenas, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán,
wọ́n so okùn mọ́ òpó lójú pópó
kí afẹ́fẹ́ má baà gbé èèyàn lọ.
Mo di okùn náà mú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé,
aṣọ iṣẹ́ mi nínú ọ̀rá, lábẹ́ abíyá,
bí ẹni gbé òròmọdìẹ.

Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ṣẹ́.
Eyín tí wọ́n fi ẹfun mọ la kọ́kọ́ fi dánra wò:
kò ní itọ́, kò ní ẹ̀rù, kì í gbọ̀n.
A kọ́ eyín bí ẹni kọ́ nọ́ńbà ilé ládùúgbò:
òpópónà kìíní, òkè lọ́wọ́ ọ̀tún,
òpópónà kẹta, ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì,
ilé kẹfà níbẹ̀, mẹ́rìndínlógójì là ń pè é.
Ìyáàfin Ojeda a máa fi síbí kan tábìlì:
"Ọwọ́ ni kó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú.
Bí dókítà bá nawọ́, ohun tó ń fẹ́ ti gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀."
Ó kọ́ wa bí a ṣe ń po lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń wọn eyín,
tó ń gbẹ kéèyàn tó sín lẹ́ẹ̀mejì.
Tèmi gbẹ mọ́ abọ́. Tèmi gbẹ mọ́ irun Katia.
Ẹ má bi mí bó ṣe débẹ̀.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní òórùn:
eyín tí ẹ̀rọ ń lu, bí ìwo àgbò tí iná ń rà.
Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹnu èèyàn gbóná tó báyìí.

Dókítà Kuzmanic lápá ọ̀tún, èmi lápá òsì,
ẹnu aláìsàn láàárín wa bí àwo oúnjẹ ẹni méjì.
Ó nawọ́; mo fún un ní dígí. Ẹ̀mú ló ń fẹ́.
Ó nawọ́; ẹ̀mú jábọ́, ó yí lọ sábẹ́ àga.
Kò bínú. Kò tilẹ̀ wò mí.
Ìyẹn ló dùn mí jù.

Aago mẹ́wàá, Bàbá Eleuterio Cárcamo wọlé,
ẹni tó rẹ́ irun àgùntàn fún ogójì ọdún,
tó lè fi orúnkún méjì di àgbò mú kó má mira.
Ó rí abẹ́rẹ́, ó dìde fùú.
"Kò dùn mí mọ́."
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni há ọ̀dùnkún sẹ́nu.

Èyí kò sí nínú ìwé tí mo kà.
Mo ní: Bàbá, báwo lẹ ṣe ń mú àgùntàn dákẹ́?
Ó wò mí títí.
"Má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀.
Kí o sì máa sọ̀rọ̀. Ohunkóhun. Àgùntàn ò gbédè."
Ó padà jókòó. Mo tẹ bọ́tìnnì, àga na gbalaja,
ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀.
Mo ń sọ̀rọ̀: owó ọkọ̀ tó gbówó lórí,
akàn tí màmá mi ń bó nílé-iṣẹ́,
ajá aládùúgbò wa tó bẹ̀rù ológbò.
Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló kún inú, itọ́ funfun là ń tu jáde;
ọwọ́ ọ̀tún mi ń fa méjèèjì.
Bàbá di etí aṣọ mi mú, ó dì í pinpin.
Dókítà nawọ́.
Ó ti wà níbẹ̀.

Lálẹ́, mo fọ irinṣẹ́, mo sè é, mo kà á, ó pé.
Mo di okùn mú padà sílé.
Màmá mi ní, kí lo wá rí lọ́hùn-ún?
Mo ní, ẹ yanu.
Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu,
bó ti ń ṣe látìgbà tí mo ti gbọ́njú.
Akàn ń hó lórí iná. Mo tan iná fóònù, mo dúró.
Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀.
Mo wọ òpópónà kìíní, mo ń kà.
Mo wọ ìkejì.
Ní ìkẹta, ilé kẹfà, kò sẹ́nìkan nílé.
"Ọdún tí mo bí ọ ló lọ," ó wí,
kò sì tíì pa ẹnu dé.