Ibi Tí Ilà Wà

Láti Kánádà ni àwọn ọmọ ti fi àwòrán bàbá wọn ránṣẹ́ sí mi,
lórí fóònù, lálẹ́ ọjọ́ tí iná kò sí ní gbogbo Òkè-Lísà:
"Ẹ bá wa ya á bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́.
Ọgọ́rin ọdún ló ń pé. Owó kọ́ ni ìṣòro."

Mo fi ìka méjì fẹ ojú náà.
Ó ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Ta ló fọ ojú Tíṣà Akíntìmẹ́yìn nù báyìí?
Ilà ńkọ́? Ilà Oǹdó, ẹyọ kan ní ẹ̀kẹ́ ọ̀tún,
ẹyọ kan ní tòsì, tó jìn tó fi jẹ́ pé
òógùn máa ń gbabẹ̀ ṣàn bí òjò nínú gọ́tà.
Àwa ọmọ kíláàsì kẹrin a máa ṣọ́ òógùn yẹn:
bó bá ti dé àgbọ̀n, pàṣán ń bọ̀.

Mo gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ láàárọ̀.
Bàbá ń sùn lórí àga,
rédíò ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.
Màmá Lọ́ládùn ló gbà mí lálejò;
ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún mẹ́fà,
ó sì mọ ìró bàtà mi kí n tó kí i.

Ó gba fóònù. Ó fi àtàǹpàkò ra á lókè, ra á nísàlẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín.
"Gíláàsì ni mo bá níbẹ̀. Ta ló wà nínú ẹ̀?"
"Bàbá ni, mà."
"Bàbá wo? Ẹni tí mo fẹ́, bí iná bá kú,
ìka kan tó fún mi láti mọ̀ pé kì í ṣe olè ló wọlé."

Mo délé, mo ti èédú sẹ́yìn.
Mo po ọ̀dà, ó ki bí ẹ̀kọ àná,
mo fi ọ̀bẹ lé e, ìpele lórí ìpele, ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Nígbà tí ẹ̀kẹ́ ga tó, mo fi etí ṣíbí kọlà fún un,
ẹyọ kan,
ẹyọ kan,
ọwọ́ mi ń gbọ̀n bíi pé ọmọ ọwọ́ ló wà níwájú mi.
Mo fi irun imú sí i. Wọn kò ní kí n ṣe é.

Ọ̀dà kò tíì gbẹ tí Màmá fi ní kí wọ́n mú òun súnmọ́ ọn.
Ọwọ́ rẹ̀ gorí iwájú orí, ó sọ̀kalẹ̀,
ó bọ́ sínú ilà òsì bí ẹsẹ̀ tó mọ ọ̀nà oko,
ó dúró síbẹ̀.
Rédíò ka ìròyìn tán, kò kúrò.
Bàbá ní, "Ṣé bí mo ṣe burẹ́wà tó nìyí?"
Ó ní, "Ẹ dákẹ́, mò ń wò yín."

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ṣọwọ́ sí Kánádà.
Kó tó kúrò lọ́wọ́ mi, fóònù tèmi náà
ti bá mi lọ̀ ọ́, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.
Ó dán.
"Ó mà rẹwà o!" ni àwọn ọmọ wí. "Ó jọ wọ́n gan-an."

N kò fèsì.
Lára ògiri ní Òkè-Lísà, nínú ilà ẹ̀kẹ́ òsì,
ojú àtàǹpàkò kan ti gbẹ mọ́ ọ̀dà.
N kò tún un ṣe.