Òṣómàáló

Aṣọ ni bàbá bàbá mi ń tà láwìn,
láti Iléṣà dé Ìkàrẹ́, dé ẹ̀yìn Ọ̀wọ̀.
Bọ́jọ́ bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
òjò á pa á, oòrùn á sá a gbẹ,
kò ní dìde títí owó rẹ̀ yóò fi pé.
Ṣùgbọ́n owó aṣọ nìkan ló ń bèèrè.
Kò bèèrè ibi tí ìyàwó onígbèsè sùn lánàá.

Èmi, kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe ní Ẹ̀rẹ̀jà:
ṣọ́ọ̀bù kan, bẹ́ǹṣì kan, jẹnẹrétọ̀ tó ń húkọ́.
Mo sì ti rí òṣómàáló ayé òde òní.
Ó lóṣòó sínú gíláàsì fóònù yín,
ó ní "Gbà", kò sì síbi tí ẹ ó ti kọ̀.
Ẹ ò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀!
Ó fẹ́ mọ ọ̀nà tí ẹ gbà dé ọsibítù Wésílì,
ó fẹ́ mọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀,
nítorí iná tọ́ọ̀ṣì lásán tí ẹ fẹ́ tàn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ìyá Àrìnọlá gbé láptọ́ọ̀pù ọkọ rẹ̀ wá,
ó fi ìborùn wé e bí ọmọ tuntun.
Tíṣà Fẹ́híntọlá ti kú lóṣù Agẹmọ.
Ẹ̀rọ náà ò tíì gbọ́.
Ó ní kí tíṣà wá kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé,
ó ní ìmúdójúìwọ̀n mẹ́tàdínlógún ló ń dúró dè é.
"Má ṣe pa mí," ló ń wí, tó ń yí bírí bírí,
"má ṣe pa mí,"
títí iná fi lọ.

Ìyá ní ìwé ilẹ̀ Ìmọ̀ nìkan lòun ń wá,
àbúrò ọkọ òun ti ń já búlọ́ọ̀kù síbẹ̀.
Òun ti dán orúkọ àwọn ọmọ wò, ọjọ́ ìgbéyàwó,
Sáàmù kẹtàlélógún.
Ẹ̀rọ ní rárá.

Mo yọ fíláàṣì mi lápò.
Ohun tó wà lórí rẹ̀, ẹnìkan ò tà á fún mi.
Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́: ẹnìkan kọ díẹ̀ nílẹ̀ òtútù,
ọmọ kan ní yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀ yọ àṣìṣe kan kúrò lóru,
wọ́n sì ṣí ìdérí ìkòkò sílẹ̀
kẹ́ni tó fẹ́ jẹ lè rí ohun tó ń hó.
Mi ò mojú ìkankan nínú wọn.
Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń jẹun wọn.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo ti wọlé.
Ohun tí tíṣà pè ní àgádágodo, aṣọ fèrèsé ni.
Múlíkátù, ọmọṣẹ́ mi, pàtẹ́wọ́.
Ojú tì mí díẹ̀.

Ìwé ilẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀dà méjì tilẹ̀ ni.
Àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àpò fáìlì kan,
orúkọ tí tíṣà sọ ọ́ ni MÁ ṢÍ I.
Ọwọ́ Múlíkátù ti dórí máòsì.
Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.
Mo yí ojú ẹ̀rọ sí ìyá, mo yí tèmi sí títì,
mo ń ka ọ̀kadà tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà.

Kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mo nù fún un.
Ó kó ìró sáàárín ẹsẹ̀, ó lóṣòó,
ojú rẹ̀ àti ojú gíláàsì ṣe déédéé.
Ọ̀kadà mẹ́sàn-án kọjá.

"Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi fọ ṣòkòtò ọkùnrin yìí,
mi ò kọwọ́ bọ àpò rẹ̀ rí láì kọ́kọ́ bi í.
Ta ni n ó wá bi báyìí, Ajéwọlé?"

Mo tẹ ìwé ilẹ̀ fún un, ojú ewé méjì, igba náírà.
Ó fi ìborùn wé ẹ̀rọ náà padà.
Nígbà tó ń dìde, orúnkún rẹ̀ ké.